Eegun a Máa Ṣègbé, Ìwé Li Ó Ń Jẹ́rìí

Ẹ̀yin Ọba aládé, ẹ̀yin ìjòyè ìlú, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń ka ìwé ẹgbẹ́ wa yìí ní oṣooṣù, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní oṣù yìí lè kọ́kọ́ ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ wa pé, lára àwọn ìwé tí a ó máa tọ́jú fún àwọn ọmọ wa, kí á fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ kọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú eegun dáínósọ̀ jáde láti inú ilẹ̀. Dáínósọ̀ li àwọn ẹranko ìgbà ìwáṣẹ̀ tí wọ́n bá ọ̀nì tan, tí púpọ̀ nínú wọn tóbi ju erin lọ. Bí a bá yọ àwọn ẹyẹ, tí í ṣe ìran wọn, sílẹ̀, gbogbo wọn ti kú run kúrò lórí ilẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, eegun wọn sì ti di òkúta.

Ẹnìkan yóò wí pé: Kí li ó kàn wá nínú eegun ẹranko tí àwọn òyìnbó wú ní ìlú wọn? Ìbéèrè náà tọ́, n ó sì dáhùn rẹ̀ kí n tó parí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: eegun a máa ṣègbé, ìwé li ó ń jẹ́rìí. Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ li ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò sì ní i, àgbọ́sọ li ó ń gbà gbọ́.

Kí á kọ́kọ́ mọ àwọn ìwé tí à ń sọ. Ní ọdún 1677, Robert Plot ti Oxford tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn ohun àdáyébá agbègbè Oxfordshire. Ó ya àwòrán ìdí eegun itan kan tí ó tóbi jọjọ sínú rẹ̀. Ó rò ó bóyá ti erin ni, ó sì parí rẹ̀ sí pé ti òmìrán ènìyàn ni. Ní ọdún 1824, William Buckland, àlùfáà ìjọ àti olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ní Oxford, ka ìwé rẹ̀ níwájú Geological Society ní Lọ́ńdọ̀n nípa eegun àgbọ̀n àti àwọn eegun mìíràn tí a rí ní Stonesfield. Ó sọ ẹranko náà ní Megalosaurus, èyíinì ni alángbá ńlá. Mary Morland, ẹni tí ó di aya rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, li ó ya àwòrán inú ìwé náà. Ní ọdún 1825, Gideon Mantell, oníṣègùn kan ní Lewes, kọ nípa eyín Iguanodon sínú Philosophical Transactions ti Royal Society, ó sì fi ẹ̀kẹta, Hylaeosaurus, kún un ní ọdún 1833. Nígbà tí ó di 1842, Richard Owen kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo tí ó fi èdè Gíríìkì ṣẹ̀dá: Dinosauria, alángbá abanilẹ́rù. Ìwé mélòó kan péré yìí ni orísun odò tí gbogbo ayé ń mu lónìí.

Ẹ wo bí ìwé ti ń gba eegun sílẹ̀. Eegun tí Plot yà ti sọnù tipẹ́tipẹ́. Kò sí ilé àkójọ ohun àtijọ́ kan tí ó lè nawọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé, àwọn onímọ̀ ìgbà ẹ̀yìn wò ó, wọ́n sì mọ̀ pé eegun itan dáínósọ̀ ni, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti Megalosaurus gan-an. Bí Plot bá fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu lásán, kò sí ohun tí ì bá kù.

Èyí tí ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ti Ernst Stromer, ará Jámánì. Richard Markgraf bá a wú eegun ní Bahariya ní aṣálẹ̀ Íjíbítì ní ọdún 1912, Stromer sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1915 nípa ẹranko kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ eegun gígùn-gígùn sókè bí ìgbòkun ọkọ̀. Ó sọ ọ́ ní Spinosaurus aegyptiacus. Wọ́n kó eegun náà pamọ́ sí ilé àkójọ ní Munich. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1944, bọ́ǹbù ogun bọ́ lu ilé náà, eegun Spinosaurus sì di eérú. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ṣègbé ní òru kan. Kí li ó kù? Ìwé 1915 àti àwọn àwòrán inú rẹ̀ li ó kù. A sì tún rí àwòrán fọ́tò méjì ti eegun náà láàrin àwọn ohun tí ìdílé Stromer ti pamọ́; a tẹ̀ wọ́n jáde ní 2006. Nígbà tí Nizar Ibrahim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí eegun irú ẹranko yìí ní Mòrókò, tí wọ́n tẹ ìwé wọn jáde ní 2014, ìwé Stromer àti àwòrán rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé láti tún ara ẹranko náà tò. Ilẹ̀ Áfíríkà li ó bí eegun náà, ogun àwọn ẹlòmíràn li ó jó o, ìwé li ó sì dá a padà fún wa.

Àwọn kan ń wí pé ìmọ̀ tuntun ti borí ti àtijọ́, nítorí náà kí á jù ú sí àkìtàn. Nínú ìmọ̀ orúkọ ẹranko, ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀yin ìjòyè mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ààfin, ẹni tí a kọ́kọ́ fi jẹ oyè li ó ń jókòó ṣáájú. Òfin kan náà li àwọn onímọ̀ ẹranko ń tẹ̀ lé: orúkọ tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde nínú ìwé li ó ní ẹ̀tọ́. O. C. Marsh ti Amẹ́ríkà sọ ẹranko kan ní Apatosaurus ní ọdún 1877, ó sì sọ òmíràn ní Brontosaurus ní ọdún 1879. Ní 1903, Elmer Riggs wí pé ìdílé kan náà li àwọn méjèèjì. Nítorí náà orúkọ àkọ́kọ́ borí, a sì rọ Brontosaurus lóyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun li aráyé fẹ́ràn. Ní 2015, àwọn onímọ̀ mìíràn tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn méjèèjì yàtọ̀, kí á dá oyè padà fún un. Ẹjọ́ tí a dá ní 1903 li a tún gbọ́ ní 2015, ìwé Marsh sì ni ẹlẹ́rìí ní ìgbà méjèèjì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í gbó; bí ìwé àdéhùn ilẹ̀ li ó rí.

Àwọn àṣìṣe inú ìwé wọ̀nyí pàápàá ṣe é tọ́jú. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi eyín Iguanodon han Georges Cuvier ní Párísì, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ nínú ìmọ̀ eegun ní ìgbà náà, ó ní eyín àgbáǹréré ni. Mantell kò gbà. Lẹ́yìn náà Cuvier fúnra rẹ̀ yí ọkàn padà, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé. Mantell tí ó borí níhìn-ín tún ṣì níbòmíràn: ó rí eegun ṣóńṣó kan, ó sì fi í sí imú ẹranko náà bí ìwo. Nígbà tí Benjamin Waterhouse Hawkins gbẹ́ ère àwọn ẹranko wọ̀nyí sí ọgbà Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀n ní 1854, ìwo wà ní imú Iguanodon. Ní ọdún 1878 li àwọn awakùsà èédú ní Bernissart, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, wá bá eegun Iguanodon tí ó ju 30 lọ nínú ilẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn pé pérépéré. Louis Dollo tò wọ́n, ó sì rí i pé àtàǹpàkò ọwọ́ ni ṣóńṣó náà.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, mo ń rí ewu tí ó wà nínú kíkọ́ ọmọ ní ìdáhùn láìkọ́ ọ ní ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀. Ọmọ tí a sọ fún pé àtàǹpàkò ni, tí kò mọ̀ pé ìwo imú li a ti kọ́kọ́ pè é, yóò rò pé láti ọ̀run ni ìmọ̀ ti ń já bọ́ sí ọwọ́ àwọn ènìyàn kan tí a bí ní ìlú kan. Ọmọ tí ó bá ka ìwé Mantell, tí ó sì ka ti Dollo tẹ̀ lé e, yóò rí i pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara bí tirẹ̀ ni wọ́n: wọ́n wò, wọ́n ṣì, wọ́n tún un wò. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò dìde wí pé, Èmi náà lè wò ó. Ẹ̀kọ́ yìí ju orúkọ ẹranko lọ.

Kíkó ìwé jọ sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kì í ṣe kí á kàn ra ohun tí ó bá dára lójú. Ẹ gbọ́ ti Owen. Ìwé púpọ̀ li ó ń sọ pé ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Plymouth, ní 1841, li ó ti kọ́kọ́ dá orúkọ dáínósọ̀. Hugh Torrens, onítàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, lọ wá àwọn ìròyìn tí a kọ nípa ọ̀rọ̀ Owen ní àkókò náà gan-an. Kò rí orúkọ náà nínú wọn. Ní 1992 ó fi hàn pé lẹ́yìn ìpàdé ni Owen fi í kún un, nígbà tí ó ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe fún títẹ̀ ní 1842. Ìwé ìròyìn tí ẹlòmíràn ì bá fi di àkàrà li ó tú àṣírí ohun tí gbogbo ayé ti gbà gbọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ń kó ìwé jọ kò gbọdọ̀ ya èèpo ẹ̀yìn ìwé sọnù, nítorí níbẹ̀ li ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́ ń wà nígbà púpọ̀. Kò gbọdọ̀ gba ìwé tí a ti ya àwòrán inú rẹ̀ tà lọ́tọ̀. Kí ó tọ́jú lẹ́tà, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, àti ìròyìn inú ìwé ìròyìn, nítorí wọn a máa sọ ohun tí ìwé ńlá kò sọ. Kí ó sì mọ̀ pé ìwé a máa rìn jìnnà: ọmọ Mantell kó lọ sí New Zealand ní 1840, lónìí sì ni ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé ìdílé Mantell yóò rí wọn ní Alexander Turnbull Library ní Wellington, ní ìpẹ̀kun ayé sí Lewes tí a ti kọ wọ́n.

Nísisìyí mo dé orí ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀: kí li ó kàn wá? Ní gúúsù ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, òkè kan wà tí ń jẹ́ Tendaguru, kò jìnnà sí èbúté Lindi. Ogun Màjímàjí, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fi kọ ìjọba Jámánì, jà láti 1905 dé 1907, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì ṣègbé nínú rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì rọ̀ dáadáa tí ilé àkójọ ti Berlin fi rán àwọn onímọ̀ lọ síbẹ̀ láti wú eegun, láti 1909 dé 1913, pẹ̀lú Werner Janensch àti Edwin Hennig ní olórí. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbóná jùlọ, nǹkan bí 500 ọmọ Áfíríkà li ó ń wà nídìí rẹ̀. Eegun tí wọ́n wú ju tọ́ọ̀nù 200 lọ. Orí àti èjìká ènìyàn li a sì fi rù wọ́n dé Lindi. Ọ̀kan nínú àwọn ẹranko náà, èyí tí à ń pè ní Giraffatitan brancai lónìí, ni wọ́n tò ní òró ní Berlin ní 1937. Gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 43 lọ, gbogbo ayé sì ń wá wò ó.

Ẹ kíyèsí orúkọ náà. Branca tí a fi sọ ọ́ ni olórí ilé àkójọ náà ní Berlin. Ṣùgbọ́n Boheti bin Amrani, ọmọ Áfíríkà, li ó jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́ ní Tendaguru, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá nínú wíwú eegun àti títún un ṣe. Ẹni tí ó bá lọ wo ère eegun nìkan lè lọ kí ó bọ̀ láìgbọ́ orúkọ rẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò náà li orúkọ rẹ̀ ti kù. Láti ibẹ̀ sì ni, ní ọdún 2007, tí a fi sọ dáínósọ̀ mìíràn láti Tendaguru ní Australodocus bohetii, kí á má bà a gbàgbé rẹ̀. Ọdún 94 ti kọjá lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí kí ọlá yìí tó dé. Àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún yòókù tí wọ́n wú, tí wọ́n dì, tí wọ́n sì rù ńkọ́? Bí àwa ọmọ Áfíríkà kò bá ka àwọn ìwé wọ̀nyí, ta li a rò pé yóò fi ìtara wá orúkọ wọn? Ẹni tí ó ni òkú ní í gbé e sunkún.

Púpọ̀ nínú ìwé Tendaguru wà ní èdè Jámánì; Hennig tẹ Am Tendaguru jáde ní 1912. Ṣùgbọ́n ilé àkójọ ti Ìlú Ọba náà ránṣẹ́ lọ wú eegun níbẹ̀ láti 1924 dé 1931, John Parkinson tí ó wà lára wọn sì kọ The Dinosaur in East Africa ní 1930. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kí a má sì rò pé Tanzania nìkan li ọ̀rọ̀ yìí mọ sí. Ní Niger tí ó bá wa pààlà, Philippe Taquet ṣe àpèjúwe Ouranosaurus nigeriensis ní èdè Faransé ní 1976. Ní orílẹ̀-èdè wa gan-an, W. E. Swinton ti British Museum kọ ìwé ní 1930, tí Geological Survey of Nigeria tẹ̀ jáde, nípa eegun àwọn ẹranko afàyàfà ìgbà ìwáṣẹ̀ láti agbègbè Sokoto. Òun kan náà li ó kọ The Dinosaurs ní 1934. Ọ̀kan nínú àwọn ẹranko Sokoto náà kì í ṣe dáínósọ̀. Ẹranko inú òkun ni, àwọn onímọ̀ sì tún orúkọ rẹ̀ ṣe ní 1972 sí Goronyosaurus, láti ara orúkọ ìlú Goronyo. Nítorí náà òkun ti bo Sokoto rí! Ìwé pẹlẹbẹ kan li ó gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí. Mélòó nínú wa li ó ti fi ojú kàn án?

Ẹlòmíràn yóò wí pé àwọn ìwé wọ̀nyí ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé kí á má yọ ara wa lẹ́nu. Òtítọ́ ni pé ọ̀nà ti rọrùn ju ti àtijọ́ lọ: Royal Society ṣí àwọn ìwé rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2011, ìwé Mantell ti 1825 sì wà nínú wọn. Mo yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n omi inú odò kì í pa òùngbẹ ẹni tí kò ní igbá. Ìwé tí ó fọ́n káàkiri, tí ẹnìkan kò tò, tí kò sí ní èdè ẹni, tí a kò sì mọ èyí tí ó ṣáájú nínú wọn, kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Ìrọ̀rùn yìí gan-an li ó mú àwáwí kúrò lẹ́nu wa, nítorí owó ribiribi tí à bá fi ra ojúlówó ìwé 1824 kò di dandan mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ tí a tẹ̀, tí a sì dì dáadáa, tó fún wa.

Mo sì ní ìmọ̀ràn mẹ́rin. Èkíní, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò kó ẹ̀dà àwọn ìwé tí mo dárúkọ jọ, kí wọ́n tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ ọdún wọn, láti ọwọ́ Plot títí dé Tendaguru. Èkejì, kí ìwé oṣooṣù wa yìí máa gbé àkótán ọ̀kan nínú wọn jáde ní èdè Yorùbá, kí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré lè rí i kọ́ ọmọ. Ẹ̀kẹta, kí á ran ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́ láti kọ́ èdè Jámánì dáadáa, kí ó lè wá orúkọ àwọn ènìyàn wa jáde nínú ìwé Tendaguru. Ẹ̀kẹrin, èyí tí mo fi bẹ ẹ̀yin ìjòyè ní pàtàkì: kí ẹ kéde ní àdúgbò yín pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun ìwé òkú àgbà tí ó ti bá àwọn awalẹ̀ ìjọba ṣiṣẹ́ rí, àfi bí ẹni tí ó mọ̀wé bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé Sokoto ti 1930 àti irú rẹ̀ lè wà nínú àpótí kan ní àgbàlá yín lónìí, kí ikán sì ti máa jẹ ẹ́ lọ.

Ikán kò ní dúró de ìpinnu wa. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú yín. Mo sì bẹ̀ yín kí ìpàdé wa tí ń bọ̀ má ṣe tú ká láìyan àwọn ènìyàn mẹ́ta náà.